Àwọn Atúmọ̀ Èdè àti Ìpàdé Èkó Ọdún 1875

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọjà Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí sí òwe yìí. Ọkọ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà ń ti ilẹ̀ Hausa dé. Ẹni tó gbọ́ Hausa àti Yorùbá ni ògbufọ̀ láàárín olùtà àti olùrà. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn lọ́jà ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Bákan náà ni ó rí fún àwọn tó sọ Yorùbá di èdè ìwé. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní Freetown, níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti pàdé, ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé tó jáde ní 1843. Nígbà tó ń túmọ̀ Bíbélì, kò gbójú lé ọgbọ́n tirẹ̀ nìkan; ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, Thomas King tó jẹ́ Ẹ̀gbá sì bá a ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, olúkúlùkù ń kọ ọ̀rọ̀ bó ti wù ú. Bí ìwé méjì kò bá bára mu, èwo ni ọmọ ilé-ìwé yóò tẹ̀ lé? Ìdí nìyí tí wọ́n fi péjọ sí Èkó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1875. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni alága. Wọ́n jiyàn, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé dúró lé títí àkọtọ́ tuntun fi gba àṣẹ ìjọba ní 1974.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń túmọ̀ èdè má ṣe tijú láti bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.