Àwa àti Àwọn Ajá Bàbá Wa ní Ọ̀nà Báyékù

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn àwọn ọba, ti àwọn olóyè, ti ilé-ìwé àti ti ilé ìsìn ni a sábà máa ń kà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa ọmọ ìyá mẹ́rin péjọ sí ilé bàbá wa ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba ni ó gba òru mọ́ wa lọ́wọ́ títí àkùkọ fi kọ. Ọ̀rọ̀ ajá ni. A kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ jáde lẹ́nu fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Ẹni tí ó bá dé Ìgbògbò lónìí, tí ó rí bí ilé ti fara kan ilé, yóò ṣòro fún un láti mọ irú ìlú tí a bí wa sí. Ìlú àgbẹ̀ ni, àwọn apẹja sì wà létí ọ̀sà nítòsí wa. Títí di 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkòròdú wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí a sì kà wá mọ́ ọn. Ìpínlẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n oko kò yí padà. Ní ìgbà èwe wa, láàárín 1975 sí 1980, ẹ̀yìnkùlé ni oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà Báyékù, ẹ̀gẹ́ ni lápá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ni lápá òsì, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pẹ àti obì, lẹ́yìn ìyẹn ìgbẹ́ dídí, kí á tó dé àbàtà àti ọ̀sà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé nìkan gba ọ̀nà náà. Bí ajá bá wà pẹ̀lú wọn, ó di ohun mìíràn. Lójú ìyá wa, ajá méjì tó àgbàlagbà kan.

Méjì náà ni a ní. Abo ni àgbà, akọ tí ó bí ni èkejì. Ajá ìbílẹ̀ ni wọ́n, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn dúró ṣáṣá, ìrù wọn ká sókè bí òrùka. Irú wọn ni àwọn kan ń pè ní ajá lókà lónìí pẹ̀lú ẹ̀gàn. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́ pé ajá kan tí ó jọ wọ́n, láti ilẹ̀ Kóńgò, tí a ń pè ní Basenji, ni àwọn òyìnbó gbé lọ sí ibi ìpàtẹ ajá Crufts ní London ní 1937, tí èrò sì rọ́ lọ wò ó. Wọ́n ní ajá náà kì í gbó. Èyí ni a kò lè sọ nípa tiwa.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé Yorùbá kì í sábà sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè sọ sójú aládùúgbò ni í fi pe ajá rẹ̀. Bàbá wa ní aáwọ̀ ààlà pẹ̀lú ẹni tí oko wọn jọ pààlà. Kò lọ sí kóòtù, kò sì bá a tahùn. Ó sọ abo ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò, nígbà tí ìyẹn bímọ, ó sọ ọmọ ní Tanímọ̀la. Láràárọ̀, bí a bá dé ìdí ọ̀pẹ tí í ṣe ààlà, Bàbá a gbé ohùn sókè: ‘Ẹ̀yìnlàárò o! Tanímọ̀la o!’ Bẹ́ẹ̀ ajá méjèèjì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ké. Ẹni tí ó ń bá wí wà lódì kejì, ó ń ro oko rẹ̀, òun náà kò sì ya odi: ajá tirẹ̀ ń jẹ́ Mójúkúrò. Aáwọ̀ náà kò di ìjà títí àwọn méjèèjì fi re ibi àgbà ń rè. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn ajá ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ owó lọ́yà.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀yìnlàárò mọ̀ jù ni ọ̀kẹ́tẹ́. Ọ̀kẹ́tẹ́ kì í gbé ilé olójúlé kan. Ihò ńlá tí a rí, tí erùpẹ̀ tuntun wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀tàn ni. Ó ní òmíràn tí ó fi ewé àti erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ibẹ̀ ni yóò gbà sá. Ọmọ ènìyàn lè wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A ó fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ dáná sí ẹnu ihò ńlá, a ó máa fi akẹtẹ̀ Bàbá fẹ́ èéfín wọlé, omi yóò sì máa bọ́ lójú gbogbo wa. Ajá náà yóò rìn yíká, imú rẹ̀ nílẹ̀, yóò wá dúró gangan bí ọlọ́pàá sí ibi tí ojú kò rí nǹkankan. Kì í gbó. Tanímọ̀la, tí ó jẹ́ ọmọdé, ni í máa gbó káàkiri. Lójijì ilẹ̀ yóò là níwájú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Orí àti ìfun ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ wọ inú ìgbẹ́, Bàbá a so ṣaworo mọ́ wọn lọ́rùn. Bí ṣaworo bá ń dún, ọkàn wa balẹ̀. Ní ìgbà kan ó dákẹ́. A sáré síwájú, Ẹ̀yìnlàárò sì fi ara dínà fún wa, kò jẹ́ kí á kọjá. Bí a ti ń jẹ ẹ́ níyà pẹ̀lú ọ̀pá ni ọ̀kan nínú wa rí ọká tí ó ká jọ sínú ewé gbígbẹ, ìṣísẹ̀ méjì péré síwájú.

Kò sí ọmọdé ìgbà náà tí kò mọ àlọ́ ọdẹ tí ó há sórí igi, tí àwọn ọ̀tá ń gé igi náà nídìí, tí ó sì ń pe ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, títí wọ́n fi wá gbà á sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa pinnu láti dán an wò. (Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kì í ṣe òun, àwa mẹ́ta yòókù ní òun ni.) Ó gun igi agbálùmọ̀ kan, kò sì lè sọ̀ mọ́. Ó pe àwọn ajá. Tanímọ̀la dé, ó wò ó lókè, ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn. Ẹ̀yìnlàárò ni ó lọ ń gbó mọ́ ọkùnrin kan tí ń dá ẹmu, títí ìyẹn fi tẹ̀lé e wá, tí ó fi igbà rẹ̀ sọ ọdẹ wa kalẹ̀.

Ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ 1980 ni ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ní ìgbà máńgòrò ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Àwa yòókù rántí pé kò tíì pẹ́ tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní oṣù Kẹwàá 1979, eruku sì wà lójú ọ̀nà. Àwa mẹ́ta àgbà ni a lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ajá kan tí a kò mọ̀ rí jáde láti ìhà ọ̀sà, itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀, ìrìn rẹ̀ kò gún. Kò gbó. Ó kọ lu Tanímọ̀la, ó bù ú jẹ ní èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí a rí nínú wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Bàbá ti sọ pé ajá tí dìgbòlugi bá bù jẹ, ìbọn ni oògùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi sọ. A fi omi wẹ ojú ọgbẹ́ náà, a fi epo pupa pa á, a fi ọwọ́ da irun bò ó. A mulẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ ààlà pé ẹni tí ó bá sọ ọ́, ajá kò ní tẹ̀lé e mọ́ láéláé. Nígbà tí Bàbá rí àpá náà ní ọjọ́ kejì, tí ó sì bèèrè, a ní òòrẹ̀ ni ó fi ẹ̀gún gún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Tanímọ̀la kò jẹun mọ́. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Àbúrò wa gbé omi lọ fún un nínú ike. Ó bù ú jẹ ní ọwọ́.

Ìyá wa fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ náà, ó ń fọ̀, ó ń sunkún. Bàbá kó wa jọ, ó ní, ‘Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Kí ni ó bá ajá yìí jà?’ A tún ní òòrẹ̀ ni. Kò bi wá mọ́. Ó gbé ọmọ náà wọ danfó lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n sì fún un, ọ̀kan lójoojúmọ́, ní awọ ikùn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọdẹ pa Tanímọ̀la ní ìdí obì. Ẹ̀yìnlàárò kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Ó tẹ̀lé ọdẹ lọ fúnra rẹ̀, ó ń ju ìrù. Ó rò pé ìgbẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìdí ọ̀pẹ ààlà ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí.

Bàbá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò jìnnà sí ohun tí a wá kà nínú ìwé lẹ́yìn náà. Kòkòrò àrùn yìí a máa gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ẹni tí ń yè é kò wọ́pọ̀ rárá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, láti 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ajá. Abẹ́rẹ́ ikùn ti di ohun àtijọ́. Díẹ̀ ni a ń gbà báyìí, ní apá. Síbẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé ní bí ènìyàn 59,000 ni àrùn náà ń pa lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń fa nǹkan bí 99 nínú 100. Ọṣẹ àti omi, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n ní kí á kọ́kọ́ fi fọ ojú ibẹ̀, kí á tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá wa kò ka ìwé wọn.

Ní oṣù Kejìlá tí a ń wí yìí, àbúrò wa ti London dé. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín nípa àwọn ajá ibẹ̀, pé láti 2016 ni òfin England ti ní kí a máa fi ohun kékeré kan tí ó ní nọ́ńbà sí abẹ́ awọ ajá, kí ó má bàa sọnù. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní, ‘Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín. Ṣé òòrẹ̀ ni lóòótọ́?’

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni òun ní kí á má sọ. Àwa méjì yòókù kò gbà fún un. Àwa mẹ́ta ni a mulẹ̀. Àwa mẹ́ta ni a purọ́, lẹ́ẹ̀mejì, èkejì sì ni pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa nílẹ̀. A bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, ‘Bàbá mọ̀. Ó sọ fún mi kí ó tó kú. Ó ní òun rí ojú eyín lára ajá náà lọ́jọ́ kejì tí òun bi yín. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ó jẹ́ òòrẹ̀ ni.’

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jọ rìn lọ sí ìdí ọ̀pẹ ààlà. Ní 2003 ni a dá ìjọba onídàgbàsókè Ìgbògbò-Báyékù sílẹ̀, ilé sì ti gba ibi tí a ti ń dẹ ọ̀kẹ́tẹ́ láti ìgbà pípẹ́. A kò rí ọ̀pẹ. A jiyàn lórí ibi tí ó wà, títí a fi fẹnu kò sí iwájú ọgbà kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé ilé náà kì í ṣe títà. Ajá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti inú ọgbà. Àbúrò wa kò sún sẹ́yìn. Ó bi mágáàdì pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ní Bingo ni.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní orúkọ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni wí.