Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Àyè Ìdàgbà

"Ẹ rán an kó tóbi dáadáa, ọmọ ń dàgbà." Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wo ni a kì í ti í gbọ́ gbólóhùn yìí? Ó tún máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí ooru Èrèlé àti Ẹrẹ́nà dé, tí àwọn ìyá ń wá gáwùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti ṣòkòtò péńpé fún àwọn ọmọ wọn. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ yéni. Aṣọ wọ́n, owó iṣẹ́ télọ̀ ń gòkè, ọmọ kì í sì í dúró lójú kan. Bí a bá gé e ní ìwọ̀n ọmọ ọdún 4, ó lè kéré kí ọdún tó yípo. Nítorí náà, kí a gé e ní ìwọ̀n ọmọ ọdún 7, kó máa dàgbà bá a. Wọ́n á tún fi kún un pé aṣọ tó gbòòrò ni ooru ń fẹ́, pé aṣọ ńlá kan ti ṣe iṣẹ́ méjì nìyẹn.

Mo gbà pé ọmọ ń dàgbà. Ohun tí n kò gbà ni pé ó ń dàgbà bí àkàrà inú epo, tí gbogbo ìhà rẹ̀ ń wú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo òṣùwọ̀n ìdàgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, èyí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 6, tí Gáná tí kò jìnnà sí wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọkùnrin ọdún 2 tí kò ga jù, tí kò sì kúrú jù, ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 87. Nígbà tó bá fi pé ọdún 5, ó ti di 110. Nǹkan bí íǹṣì 9 ló fi ga sí i. Orí ọmọ kan náà ńkọ́? Àyípo rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 48 ní ọdún 2. Ní ọdún 5, kò ju nǹkan bíi 51 lọ. Íǹṣì kan péré nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta. Àyà náà kì í sáré. Àwọn tó ń ṣe aṣọ ọmọdé fún títà ní Yúróòpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi gíga ọmọ sọ ìwọ̀n aṣọ lórúkọ: 104, 110, 116. Sẹ̀ǹtímítà 6 ni gíga fi ń lọ láti ìwọ̀n kan sí èkejì, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 2 péré ni àyípo àyà fi ń pọ̀. Ọmọ ń gùn ju bó ṣe ń fẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sáré ju òkè ara lọ.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ọrùn aṣọ tó fẹ̀ ń ṣe lára ọmọ? Ọrùn tí orí ọmọ ọdún 2 gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ lónìí, bí a bá fi íǹṣì kan sí i, yóò ṣì gba orí rẹ̀ ní ọdún 5. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ni ó ń mú aṣọ yọ̀ kúrò léjìká, tí ọmọ ń fi ọwọ́ kan ṣeré, tí ó ń fi èkejì fa aṣọ. Bákan náà ni èjìká. Nínú aṣọ tí a gé apá rẹ̀ lọ́tọ̀, bí ojú rírán bá sọ̀ kalẹ̀ dé agbedeméjì apá, tí abẹ́ apá sì wálẹ̀ dé egungun ìhà, ọmọ kò ní lè na ọwọ́ sókè kí gbogbo aṣọ má bá a gòkè. Nígbà tó bá fi máa dàgbà bá a, ọṣẹ àti oòrùn ti jẹ àwọ̀ aṣọ tán. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ tí a rán aṣọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ dè ti fẹ́ bá wọn dọ́gba.

Òtítọ́ ni pé ooru ń fẹ́ àyè. Aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí òógùn sì gbẹ. Ṣùgbọ́n àyè tí ooru ń fẹ́ yàtọ̀ sí àyè tí ìdàgbà ń fẹ́, ibi tí gbogbo àṣìṣe yìí ti rú wá sì nìyí: a fi orúkọ kan pe nǹkan méjì. Àyè ooru wà ní àyà, ní ikùn àti lábẹ́ apá. Íǹṣì 3 tàbí 4 lórí àyípo àyà ti tó, òní gan-an ni ọmọ sì nílò rẹ̀. Àyè ìdàgbà wà nísàlẹ̀, ní ìṣẹ́tí gáwùn àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ọmọ kò nílò rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ibi ìpamọ́ ló yẹ kó wà. Ẹ sì ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó ti fi íǹṣì 4 sílẹ̀ ní àyà nítorí ooru, tí àyà ọmọ kò sì fi odindi íǹṣì kan pọ̀ lọ́dún, kò nílò àyè mìíràn níbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Àwọn kan á ní bùbá àtijọ́ kò mọ ìwọ̀n, pé fífẹ̀ ni àwọn baba wa ń fẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń sú mi díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti tú bùbá palẹ̀ rí kò ní sọ ọ́. Bùbá fẹ̀ lára, apá rẹ̀ fẹ̀, kò sì ní ojú rírán léjìká. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni a fi ìwọ̀n gé, òun ló sì di gbogbo aṣọ mú lára. Ṣòkòtò pẹ̀lú fẹ̀ ní ìbàdí, okùn ló sì ń fà á pọ̀ mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, bí rọ́bà ti ń ṣe lónìí. (Okùn ìbàdí ni mo wí o. Ní 1996, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọjà kìlọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀wù àwọ̀lékè ọmọdé pé kí wọ́n yé fi okùn sí ọrùn àti ìbòrí rẹ̀, nítorí ó ti há mọ́ nǹkan, ó sì ti pa ọmọ.) Àwọn baba wa mọ ibi tí àyè ń gbé.

Ìdí kan ṣì wà tó lágbára díẹ̀: aṣọ òwú tuntun máa ń kúrú, kó sì fún, nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe rírán an tóbi ní í wo èyí sàn, omi ni. Kí a rẹ ẹ́, kí a sá a gbẹ, kí a lọ̀ ọ́, ká tó gé e. Kí a sì rí i dájú pé òwú ni, nítorí aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ni aṣọ tútù. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, kí ẹ fi iná kàn án. Òwú á jó bíi bébà, á di eérú. Pọlísítà á yọ́, á di kókó líle, kò sì ní fa òógùn bí òwú ti ń fà á.

Ní ti ìṣẹ́tí, kí télọ̀ ṣẹ́ íǹṣì 3 sínú dípò ààbọ̀ íǹṣì tí ó sábà máa ń ṣẹ́. Wọ́n á ní bí a bá tú u, ilà rẹ̀ á hàn. Yóò hàn lóòótọ́, pàápàá lára àdìrẹ Ìtòkú, tí apá tó wà nínú á ṣì dúdú nígbà tí ìta ti ṣá. Nítorí ìyẹn ni a fi lè ṣẹ́ aṣọ po lókè etí rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, bí wọ́n ti ń ṣe sí gáwùn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ìṣẹ́po tó jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì ń gbé odindi íǹṣì kan pamọ́, ẹwà ni gbogbo ayé á sì pè é. Kí ojú abẹ́rẹ́ tí a fi rán an jìnnà síra, kó má ṣòroó tú. Bí ilà bá ṣì hàn, kí a fi léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Lọ́dọọdún ni a ó máa tú ọ̀kan tàbí méjì.

Nígbà tí ìṣẹ́po bá tán, ọrùn aṣọ náà ṣì ń gba orí, àyà rẹ̀ ṣì ń gba ara. Ẹ wọ ṣòkòtò péńpé sí ọmọ nídìí. Gáwùn èṣí ti di bùbá.