Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Yà Lọ́nà

Bí a bá ń pìtàn Ẹ̀gbá, a kì í fo ogun Àdùbí ọdún 1918. Ṣùgbọ́n a kì í ka 1919 sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, òṣùpá bo oòrùn lójú. Arthur Eddington sì ya àwòrán ìràwọ̀ ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tí odò Ògùn wa ń ṣàn lọ bá. Àwòrán náà wà lára ẹ̀rí ọ̀rọ̀ Einstein, pé ìwúwo oòrùn a máa tẹ ìmọ́lẹ̀. Nípa òfin kan náà, ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ rí iná ọ̀run kan tí à ń pè ní kúásà ní ojú mẹ́rin, nítorí ìdìpọ̀ agbo ìràwọ̀ tí ó dúró bí awò níwájú rẹ̀. Èmi kò gbà pé ìtàn Òyìnbó nìkan ni èyí: lábẹ́ ọ̀run tiwa ni wọ́n ti rí lára ẹ̀rí náà.