Ìgbéga Láti Inú Ilé àti Gbígba Ọ̀gá Àgbà Láti Ìta

Ọ̀nà méjì ni ilé-iṣẹ́ ń gbà rí ọ̀gá àgbà tuntun nígbà tí àga bá ṣófo. Ìgbìmọ̀ olùdarí lè gbé ẹni tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ bọ̀ ga, wọ́n sì lè lọ mú ẹni tó ti fi ara rẹ̀ hàn níbòmíràn wá. Àṣìṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí ẹni tó bá jókòó lórí àga yìí ló ń pinnu ibi tí owó ń gbà, ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́ àti ẹni tí yóò lọ. Onitsha, ìlú ọjà tó wà ní etí ìlà-oòrùn Odò Ọya ní Ìpínlẹ̀ Anambra, jẹ́ ibi tó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìjọ, ilé-iṣẹ́ òwò, ọjà àti báǹkì ti gbé e yẹ̀ wò níbẹ̀ láti bí àádọ́sàn-án ọdún.

Àǹfààní àti àléébù

Ẹni tó dàgbà sínú iṣẹ́ mọ oníbàárà tó ń san gbèsè lásìkò àti èyí tó ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ó mọ òṣìṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀ka ń fetí sí bí ipò onítọ̀hún kò tilẹ̀ ga. Àwọn olùdarí náà ti rí ìwà rẹ̀ nígbà tí nǹkan dán mọ́rán àti nígbà tí ó le. Ìgbéga rẹ̀ sì ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé làálàá wọn kò ní já sásán. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè ti lọ́wọ́ nínú àṣìṣe àtijọ́, kí ó sì jẹ àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a dé ibẹ̀ ní oore tí kò ní jẹ́ kí ó lè bá wọn wí.

Òwe sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran, àmọ́ ohun tó ti mọ́ onílé lójú ni àlejò sábà ń kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ti ìta wá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ó sì lè mú ìmọ̀ tí kò sí nínú ilé wá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń wọ́n jù, ó ń pẹ́ kí ó tó mọ ìdí ọ̀rọ̀, àwọn tó ti ń retí àga náà sì lè kó ẹrù wọn kúrò.

Ìjọ CMS ní Onitsha

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù lọ ní ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1857, nígbà tí ọkọ̀ Dayspring gúnlẹ̀ sí Onitsha. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú Àlùfáà John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Sierra Leone. Taylor ni wọ́n fi sílẹ̀ láti dá ìjọ sílẹ̀. Henry Venn, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 sí 1872, gbà gbọ́ pé ìjọ gbọ́dọ̀ di ohun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ń bójú tó fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi owó ara wọn gbé ró. Ní 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Sierra Leone, ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lórí Odò Ọya.

Ìgbéga láti inú ilé nìyí lójú CMS, ṣùgbọ́n lójú ará Onitsha, àlejò ni Crowther náà. Yorùbá ni, Èkó ló fi ṣe ibùjókòó, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi ń bẹ àwọn ìjọ rẹ̀ wò. Àbójútó láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ṣòro, ìwà àwọn òṣìṣẹ́ kan kò sì dára. Lẹ́yìn tí Venn kúrò lórí oyè, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkóso owó àti ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1890, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìnáwó ìjọ náà jókòó ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò tíì pẹ́ lórí odò náà ló ń darí ìpàdé, F. N. Eden tó jẹ́ akọ̀wé ló sì ṣáájú wọn. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dúró. Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, tó ti jẹ́ olórí àlùfáà ní ìsàlẹ̀ odò láti 1876, wà lára wọn. Bíṣọ́ọ̀bù, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní 31 oṣù Kejìlá 1891.

CMS kò wá arọ́pò láàárín àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́. Joseph Sidney Hill, òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní New Zealand, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Wọ́n fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips ṣe igbákejì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Hill kú ní Èkó ní oṣù Kìíní 1894, kò pẹ́ tó débẹ̀. Òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni wọ́n tún fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò tí Dandeson ń darí ti gba àkóso ara wọn ní 1892. Ó di 1952, nígbà tí A. B. Akínyẹlé di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, kí ọmọ Nàìjíríà tó tún ní àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, igbákejì ni ipò tó ga jù tí wọ́n jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dé.

Àwọn àlejò 1890 rí àléébù tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n fi oṣù mélòó kan dájọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì gé àkàbà tí àwọn mìíràn ìbá gbà gòkè. Àga kan ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ìran méjì ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ òwò

Irú ọ̀rọ̀ kan náà ṣẹlẹ̀ nínú òwò. Ilé-iṣẹ́ George Goldie, tó ní ibùdó ní Onitsha, gba ìwé àṣẹ ọba ní 1886, ó sì di Royal Niger Company. Lẹ́yìn tí ìjọba gba àṣẹ náà padà ní ìparí 1899, ó ń bá òwò lọ títí ó fi wọ inú United Africa Company, UAC, ní 1929. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀gá, ọmọ ilẹ̀ ni akọ̀wé, kò sì sí ọ̀nà láti ibi tábìlì akọ̀wé dé yàrá ọ̀gá.

Ní 1948, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ dá a lábàá fún ìjọba pé kí wọ́n má gba àjèjì sípò gíga nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú ìwọ̀n bá wà, kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pèsè àwọn tí yóò kún un. Àwọn òfin ìsọdi-onílé 1972 àti 1977 tún ti àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sí ọ̀nà yìí. Ernest Shonekan wọ UAC ní 1964 gẹ́gẹ́ bí amòfin. Ní 1980 ó di alága àti olùdarí àgbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi mọ ilé náà kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́.

Ọjà Onitsha

Ní Ọjà Ńlá Onitsha, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti inú ilé ní ètò tirẹ̀, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní igba boi. Ọ̀dọ́mọdé ń lọ gbé lọ́dọ̀ oníṣòwò fún bí ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń nu eruku orí ọjà, ó ń gbé ẹrù. Bí ọ̀gá bá ti fọkàn tán an, ó ń kọ́ iye tí ọjà ń jẹ́ gan-an àti ibi tí owó lè já sí kí èrè má bàa sọnù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán an ní òun nìkan lọ ra ọjà wá. Nígbà tí ọdún bá pé, ọ̀gá á fún un ní owó, ọjà tàbí ṣọ́ọ̀bù tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ètò yìí ṣe ìrànwọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, nígbà tí ìjọba fún àwọn tó ní owó ní báǹkì ní ogún pọ́ùn péré, iye yòówù kí wọ́n ní.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò lọ. Síbẹ̀, ìta ni ìgbéga rẹ̀ ń kọjú sí. Àwọn tó mọ òwò jù lọ ni wọ́n ń dá sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, nítorí náà òwò ń pọ̀, ilé-iṣẹ́ kò sì ń tọ́jọ́. Bí ọ̀gá bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti di dókítà tàbí amòfin, ó lè máà sí ẹnikẹ́ni nílé tí yóò gba kọ́kọ́rọ́.

Àwọn báǹkì

Àwọn báǹkì tí oníṣòwò Onitsha ń kó owó wọn sí ti dán ọ̀nà méjèèjì wò. Zenith Bank, tí Jim Ovia dá sílẹ̀ ní 1990, kò tíì lọ wá ọ̀gá níta: Godwin Emefiele ló rọ́pò rẹ̀ ní 2010, Peter Amangbo ní 2014, Ebenezer Onyeagwu ní 2019, Adaora Umeoji ní 2024. Gbogbo wọn ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dé orí àga. Ní ti Access Bank, Aigboje Aig-Imoukhuede àti Herbert Wigwe ti GTBank wá gba àkóso rẹ̀ ní 2002, wọ́n sì sọ báǹkì kékeré di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ. Nígbà tí Aig-Imoukhuede lọ, Wigwe ló gba ipò náà ní 2014.

Sanusi Lamido Sanusi gba ọ̀nà kẹta. Láti UBA ló ti wọ First Bank ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn olùdarí, ó sì di ọ̀gá àgbà ní oṣù Kìíní 2009. Lọ́dún náà ló di gómìnà báǹkì àpapọ̀. Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹwàá, ó yọ àwọn ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ, ó sì fi àwọn tó ti ìta wá rọ́pò wọn, nítorí gbèsè tí kò ṣeé gbà padà ti bo àwọn báǹkì náà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lè retí pé kí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ṣí ìwé náà fúnra wọn. Owó àwọn tó fi pamọ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀pọ̀ báǹkì náà pa rẹ́: Intercontinental wọ Access, Oceanic wọ Ecobank, ìjọba sì gba Afribank ní 2011.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ní 2011, Matthew Bidwell ti Yunifásítì Pennsylvania tẹ ìwádìí kan jáde lórí báǹkì ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n gbà láti ìta ń gba owó tó fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọ́n gbé ga sí irú ipò kan náà lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò dára tó ti àwọn onílé ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní ọwọ́ kejì, IBM gba Louis Gerstner láti ìta ní 1993 nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ túká, ó sì mú un padà bọ̀ sípò. General Electric náà, tó ti ń gbé ọmọ inú ilé ga láti ọjọ́ pípẹ́, yan Larry Culp láti ìta ní 2018, nígbà tí nǹkan ti dojú rú fún un.

Bí a ṣe ń ṣe ìpinnu

Ipò tí ilé wà ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dájọ́. Níbi tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, ọmọ inú ilé ló sábà ń dára jù. Níbi tí àìsàn bá ti wọra, tí àwọn àgbà sì ń bo ara wọn láṣìírí, àfi kí wọ́n wá ojú mìíràn. Ẹni tó ti ìta wá lè kọ́kọ́ jókòó sí ipò tó tẹ̀ lé ti ọ̀gá fún ọdún díẹ̀, kí ilé mọ̀ ọ́n, kí òun náà mọ ilé. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù sì ti wà kí àga tó ṣófo: kí ìgbìmọ̀ máa kọ́ ó kéré tán ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀ka tí wọn yóò darí fúnra wọn, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn tó wà níta láìṣe ojúsàájú. Ìgbìmọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè yan èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì. Èyí tí kò bá tọ́ ẹnikẹ́ni dàgbà kò ní yíyàn kankan. Ìta ni dandan fún un, iyekíye tí àlejò bá sì dá lé e ni yóò san.