Olú Pẹpẹ àti Fọ́nrán Rẹ̀

Bí igi mángòrò bá gbó nínú agboolé kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, tí wọ́n sì ti ń fi àdá ṣá a lọ́gbẹ́ tipẹ́, ohun líle kan lè yọ nídìí rẹ̀. Kò ní ọrùn. Ó fẹ̀gbẹ́ lẹ̀ mọ́ igi bíi pẹpẹ ara ògiri. Àwọn ará ilé á ní igi ti jẹrà, ló bá hu olú.

Gbólóhùn yẹn ló jẹ mí lógún, torí ó fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú. Olú gan-an ló ń mú igi jẹrà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ wà nínú igi, ó tín-ín-rín ju irun lọ, ó sì lè ti pẹ́ níbẹ̀ kí nǹkan kan tó yọ síta. Fọ́nrán olú ni mo pè é. Èyí tójú rí ni olú pẹpẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tú eruku ìbísí sáfẹ́fẹ́.

Ní 1975, B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé nípa olú láàárín Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia. Orúkọ olú jíjẹ àti ti oògùn wà níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà ara olú àti ti iṣẹ́ rẹ̀ ló kù ká wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yẹ èyí tí wọ́n ń pè ní Ganoderma wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó pọ́n, ó sábà máa ń dán. Etí rẹ̀ a funfun bó bá ṣì ń dàgbà. Abẹ́ rẹ̀ kò là ní abala-abala bíi ti olú ọbẹ̀, ihò wínníwínní ló kún ibẹ̀. Ihò ìbísí ni kí wọ́n máa jẹ́. Ẹ fi èékánná ha á, ojú ibẹ̀ á pàwọ̀ dà. Eruku aláwọ̀ kòkó a máa bo ewé tó wà nítòsí.

Olú a máa jẹ igi ilé pẹ̀lú, àmọ́ ikán ni káfíńtà sábà máa ń dá lẹ́bi bí igi òrùlé bá rún. Ikán a máa kó yẹ̀pẹ̀ wọlé, olú kì í kó o. Bí igi bá funfun tó sì rọ̀, ìjẹrà funfun nìyẹn. Bó bá pọ́n tó sì là ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ìjẹrà pupa ni. Lígínì, ohun tó mú igi le, ni ìjẹrà pupa ń fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò yẹn tó, n kò ní dá òmíràn. Arère tètè ń jẹrà ju ìrókò lọ, àmọ́ igi tí omi ara rẹ̀ kò tó 20% kì í jẹrà.

Ẹ má gé olú pẹpẹ jù nù kẹ́ ẹ ní ó tán. Fọ́nrán ṣì wà nínú igi. Ẹ pe ẹni tó mọ igi kó yẹ ìdí rẹ̀ wò kí ìjì tó dé.