Hijira: Okùn Wo Ni Wọ́n Já?

Bí a bá dárúkọ Hijira, ìyẹn bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ìrìn àjò ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn: ràkúnmí, aṣálẹ̀, ihò àpáta Thawr tí Ànábì Muhammad àti Abu Bakr sá pamọ́ sí fún òru mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lédè Lárúbáwá, h-j-r, kò mẹ́nu ba ẹsẹ̀ rírìn. Kéèyàn kọ nǹkan sílẹ̀, kó já okùn tó so ó mọ́ ọn, ohun tó ń sọ nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá bínú tí wọn ò kíra wọn mọ́, ọ̀rọ̀ tó ti ara gbòǹgbò yìí yọ ni Lárúbáwá yóò lò, ì báà jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Okùn ẹbí ni àwọn Mùsùlùmí tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà já, okùn náà kò sì rọrùn-ún já. Ní Mẹ́kà ìgbà náà, ẹbí ni ọlọ́pàá, ẹbí ni kóòtù. Ẹni tí kò bá lẹ́bí lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣàn kó má sẹ́ni tí yóò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ wo Umm Salama, obìnrin Mùsùlùmí kan ní Mẹ́kà. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e gun ràkúnmí pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn kékeré, ó dọ̀nà Yathrib, ìlú tí a wá mọ̀ sí Mẹ̀dínà. Àwọn ẹbí obìnrin dé, wọ́n ní ọkọ lè máa lọ, ọmọ àwọn kò ní í bá a lọ. Inú bí àwọn ẹbí ọkọ, àwọn náà ní ọmọkùnrin yẹn, tàwọn ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí apá rẹ̀ fi yẹ̀. Ọkọ lọ, wọ́n gbé ọmọ lọ, ìyá nìkan ló kù. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ń jáde lọ sunkún lójoojúmọ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, kí wọ́n sì dá ọmọ padà fún un. Uthman ọmọ Talha, ará Mẹ́kà tó sìn ín dé Quba lẹ́bàá Mẹ̀dínà, kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà.

Ní Mẹ̀dínà, Ànábì so àwọn Muhajirun, àwọn tó ṣe Hijira, àti àwọn Ansar, onílé tó gbà wọ́n, pọ̀ bí ọmọ ìyá, débi pé wọ́n ń jogún ara wọn. Nígbà tó yá, Al-Kùránì dá ogún padà sọ́wọ́ ẹbí. Ibẹ̀ yẹn wù mí púpọ̀: a ò lé ẹbí dànù, àṣẹ tí wọ́n ń pa lórí ìgbàgbọ́ ẹni ni a gé.

Nígbà tí Kálífà Umar ń ṣètò kàlẹ́ńdà, kò fi ọdún tí wọ́n bí Ànábì ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún Hijira, 622, ló mú. (Ọjọ́ kìíní Muharram, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nínú kàlẹ́ńdà yìí, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fi fúnni nísinmi, kì í ṣe ọjọ́ ìrìn àjò náà o, oṣù Rabiu-l-Awwal ni Ànábì dé Mẹ̀dínà.)

Lọ́dún 630, Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ànábì ní hijira sí Mẹ̀dínà ti parí, ìsapá àti àníyàn ló kù. Ó tún ní ẹni tó kọ ohun tí Ọlọ́hun kà léèwọ̀ sílẹ̀ ni muhajir. Ní ti ẹni tó bá wọn rìn dé Mẹ̀dínà nítorí owó tàbí obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ohun tó torí rẹ̀ lọ náà ni hijira rẹ̀ já sí.