Adìẹ aládùn tó ń ta lẹ́nu ní Ashaiman: Ta ló sin adìẹ tó wà nínú ìkòkò?

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú nílùú Ashaiman, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema lórílẹ̀èdè Ghana, atalẹ̀, ààyù àti ata á bẹ̀rẹ̀ sí ta sánsán láti inú àgbàlá.

Lórí iná èédú, wọ́n á da ata lílọ̀, àlùbọ́sà àti oyin tàbí ṣúgà pọ̀, wọ́n á sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Tí ó bá ti ki, wọ́n á da itan àti apá adìẹ tí wọ́n ti dín sínú rẹ̀, wọ́n á máa yí i títí tí ọbẹ̀ náà á fi lẹ̀ mọ́ ẹran, tí á máa dán.

Ṣúgà kì í pẹ́ jóná. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sè fi máa ń fi í sí ìkòkò kẹ́yìn, nígbà tí ẹran bá ti jinná tán.

Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, kò dìgbà ọdún kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ yìí ṣe di ti ojoojúmọ́ ní ìtàn nínú, ìtàn náà kò sì dùn mọ́ àwọn tó ń sin adìẹ ní Ghana.

Adìẹ kì í ṣe ẹran àjẹkiri

Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàì mọ ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan ilẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi adìẹ bọ òrìṣà, wọ́n ń fi í ṣe àlejò, wọ́n sì ń pa á lọ́jọ́ ọdún.

Síbẹ̀, àlejò ni adìẹ fúnra rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun rẹ̀ ní Kirikongo ní Burkina Faso, èyí tó fi hàn pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti dé apá ọ̀dọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èròjà ọbẹ̀ yìí. Éṣíà ni ìrèké àti atalẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ojú omi láti Yúróòpù dé ibẹ̀ lọ́dún 1492. Oyin nìkan ni a lè sọ pé inú igbó wa ló ti wá.

Tema kọ́ èbúté, Ashaiman gba òṣìṣẹ́

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté àti ìlú tuntun sí Tema. Wọ́n ṣí èbúté náà lọ́dún 1962, lásìkò ìṣèjọba Kwame Nkrumah.

Iṣẹ́ wà ní Tema, ṣùgbọ́n ilé kò kárí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí ilé gbà níbẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí Ashaiman, níbi tí owó ilé kò ti wọ́n. Ewe, Dangme, Hausa, Dagomba àti àwọn ẹ̀yà míràn ló wá di ará àdúgbò kan náà.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà wà káàkiri Ghana nígbà náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ṣakí àti Ìgbòho ń tajà níbẹ̀, kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́dún 1983, ó yí padà. Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì padà bá ọ̀dá àti ìyàn nílé. Àwọn èèyàn rù débi pé wọ́n sọ egungun ọrùn tó yọ síta ní "ẹ̀gbà ọrùn Rawlings", wọ́n fi orúkọ olórí orílẹ̀èdè wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà yẹn, ta ló ń sọ̀rọ̀ adìẹ?

Báwo ni adìẹ òkèèrè ṣe gba ọjà?

Lọ́dún 1983 kan náà ni Ghana bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé pẹ̀lú ìrànwọ́ IMF àti Báǹkì Àgbáyé. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ọjà ṣí sílẹ̀ fún ẹrù òkèèrè.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àyà adìẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, òun ló sì ń mówó wọlé fún àwọn ilé iṣẹ́ wọn. Itan, apá àti ẹ̀yìn tó bá ṣẹ́kù, wọ́n lè tà á ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n á dì í sínú yìnyín, ó di Tema. Brazil náà ń kó tirẹ̀ wá.

Ìṣirò tí àwọn àjọ tó ń jà fún àgbẹ̀ máa ń tọ́ka sí ni pé lọ́dún 1992, àwọn olùsìn adìẹ ní Ghana ló ń pèsè nǹkan bíi ìdá 95 nínú 100 ẹran adìẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2001, ó ti já wálẹ̀ sí ìdá 11.

Èyí yí ìdáná padà. Adìẹ ìbílẹ̀ yi, ó fẹ́ kí a sè é pẹ́, ọbẹ̀ olómi ló bá a mu. Adìẹ inú yìnyín rọ̀, wọ́n ti gé e, kíá ló ń jinná. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló rọrùn láti dín, kí a sì fi ọbẹ̀ aládùn pa lára ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Òfin tó wà fún ọjọ́ díẹ̀

Lọ́dún 2003, ilé aṣòfin Ghana ṣe òfin tó gbé owó orí adìẹ òkèèrè láti ìdá 20 sí ìdá 40 nínú 100. Inú àwọn olùsìn adìẹ dùn, àmọ́ ayọ̀ náà kò pẹ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ní kí àwọn aṣọ́bodè dáwọ́ gbígbà á dúró. Àwọn àjọ tó ń jà fún àgbẹ̀ di ẹ̀bi náà ru IMF.

Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìẹ gba ilé ẹjọ́ lọ. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ní Accra sọ pé ìjọba kò lágbára láti dá òfin tí ilé aṣòfin ṣe dúró. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin fagi lé òfin náà kíákíá.

Kò tíì tán. Lọ́dún 2007, àrùn adìẹ H5N1 kọ́kọ́ yọjú ní Ghana, ìtòsí Tema ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ẹran títà sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ ẹyin. Adìẹ tó bá ti yé ẹyin tán ni wọ́n ń tà nígbà Kérésì àti ọdún Àjíǹde.

'Adìẹ bà lókùn'

Yorùbá ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní Ghana nìyẹn. Bí owó orí bá gbẹ́nu sókè, òṣìṣẹ́ Ashaiman kò ní lè ra ẹran fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀, àgbẹ̀ tó ń ra àgbàdo àti sóyà ní ọ̀wọ́n gógó fún adìẹ rẹ̀ kò ní lè bá òkèèrè díje.

Àjọ ECOWAS ti fi owó orí adìẹ òkèèrè sí ìdá 35 nínú 100, Ghana sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó lọ́dún 2016. Síbẹ̀, ẹran inú yìnyín ṣì ń wọlé.

Nàìjíríà gba ọ̀nà míràn: ó ti lé ní ogún ọdún tó ti fòfin dè é pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Kútọnu àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé òfin kò dí gbogbo ọ̀nà. Adìẹ tí kò gba Èkó wọlé lè gba ẹ̀yìnkùlé.

Oyin lè wá láti igbó Ghana, ata láti oko rẹ̀. Títí dòní, adìẹ inú ìkòkò náà ni àgbẹ̀ Ghana ṣì ń bá òkèèrè dù.